Iyanrìn ojú fọ́tò: ẹ wá ìmọ́lẹ̀, ẹ yé fọ ojú àwọn àgbà nù

1/
Áàpù tí ẹ fi ń fọ fọ́tò mọ́ yẹn, ojú ìyá yín ló ń pa rẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kékeré ni, àwọn kámẹ́rà tòkúnbọ̀ tí gbogbo wa ń rà báyìí, àti iyanrìn tó máa ń wà lójú fọ́tò wọn. Thread gígùn ni o. Ẹ wá ibi jókòó sí.

2/
Ẹ mọ iyanrìn tí mò ń sọ. Ẹ ya fọ́tò nínú yàrá lálẹ́, ẹ wò ó lójú kámẹ́rà, ó rẹwà. Ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ni ẹ bá rí i pé ó dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n gààrí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ẹ yà. Tóótòòtó pupa níhìn-ín, tóótòòtó àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Àwọn onífọ́tò ń pè é ní noise, àwọn mìíràn ń pè é ní grain. Èmi á máa pè é ní iyanrìn.

3/
Iṣẹ́ content ni mo fi ń jẹun látìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe. A ó gbé fọ́tò náà sínú áàpù, a ó tẹ bọ́tìnnì kan, iyanrìn á pòórá. Ojú á máa dán bíi tanganran. A ó ní "ó ti clear." Èrò tèmi nìyí: iyanrìn kì í ṣe ìdọ̀tí. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ò tó lójú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká wá fún un. Kí ló kan ojú ẹ̀ tí a ń fọ̀ nù?

4/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìdí. Ẹ fojú inú wo àgbàlá ilé yín. Ẹ to ife ọgọ́rùn-ún síbẹ̀, òjò wá ń ṣe wínníwínní. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ife kan á gba ẹ̀kán mẹ́ta, èkejì ẹ̀ á gba méje, ẹ̀kẹta á gba ẹyọ kan. Òjò kan náà ni, àgbàlá kan náà ni. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ dáadáa fún wákàtí kan, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ife kan sí èkejì.

5/
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ kámẹ́rà, ẹ̀kán-ẹ̀kán. Sensor ló ń gbà á, ojú pẹlẹbẹ kan tó kún fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ife kéékèèké. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ife yìí á gba díẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Àìdọ́gba yẹn lẹ ń rí bí iyanrìn. Ìṣirò ẹ̀ kò le: tí ife bá gba ẹ̀kán 100, àìdọ́gba ẹ̀ máa ń tó 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá gba 10,000, àìdọ́gba á tó 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iyanrìn ń rá.

6/
Kí ló wá dé tí ti kámẹ́rà kékeré fi pọ̀ jù? Torí àgbàlá ẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo sensor tí wọ́n ń pè ní 1/2.3. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6.2, gíga ẹ̀ nǹkan bíi 4.6. Kámẹ́rà ńlá tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ìgbéyàwó ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní full frame, 36 sí 24 ni tiẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: ti ńlá fi nǹkan bí ìgbà 30 tóbi ju ti kékeré lọ. Ẹ gbé bàsíà àti ìdérí ìgò síta nínú òjò kan náà, ẹ wo èyí tó máa gbomi jù.

7/
Torí náà, tí ẹni tó ń ta kámẹ́rà ní Computer Village bá ní "aunty, 16 megapixel lèyí, ó ju ti 10 yẹn lọ", ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Megapixel ni iye ife, kì í ṣe iye òjò. Tí wọ́n bá kó ife tó pọ̀ sí i sí àgbàlá kan náà, ṣe ni ife kọ̀ọ̀kan máa kéré sí i. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: báwo ni sensor ẹ̀ ṣe tóbi tó? Lẹ́ńsì ẹ̀ ńkọ́, f mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́ńsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti f/3.5.

8/
Àwọn kan á ní "ṣùgbọ́n CCD ni tèmi." CCD ò ń ṣe idán. Willard Boyle àti George Smith ló dá a sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ó sì mú kí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Iṣẹ́ ribiribi ni. Àwọ̀ tó ń gbé jáde lọ́sàn-án wu èmi náà. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ò mọ̀ pé CCD lẹ gbé dání.

9/
ISO ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé ISO ń fa ìmọ́lẹ̀ wọlé. Rárá o. Ẹ rántí òde àríyá tí ohùn olórin ti há, tí wọ́n wá yí gbohùngbohùn sókè. Ohùn ẹ̀ á dé ìta lóòótọ́, ṣùgbọ́n híhá yẹn náà á bá a dé ìta. Bẹ́ẹ̀ ni ISO. Ó ń gbé ohun tí sensor ti gbà sókè, tòun ti iyanrìn inú ẹ̀. Tí ẹ bá fi kámẹ́rà kékeré sórí Auto, gbàrà tó bá ti wọnú yàrá ló máa sá lọ sí 800 tàbí 1600. Ibẹ̀ ni gààrí ti ń bẹ̀rẹ̀.

10/
Ó dáa, kí la máa ṣe? Àkọ́kọ́: tí kámẹ́rà yín bá ní P lórí bọ́tìnnì róbótó òkè yẹn, ẹ yí i kúrò ní Auto, ẹ gbé e sí P. Ibẹ̀ lẹ ti lè fúnra yín yan ISO. Lọ́sàn-án, 100 tàbí 200 ti tó. Nínú ilé, ẹ má jẹ́ kó kọjá 400 tó bá ṣeé ṣe. Kámẹ́rà á máa tan iná pupa láti sọ pé ìmọ́lẹ̀ ò tó. Ẹ má bínú sí i. Òótọ́ ló ń sọ fún yín.

11/
Ìmọ́lẹ̀ wo la máa wá? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ti ọ̀fẹ́. Ẹ gbé àga sí ẹ̀bá fèrèsé, ẹ ká kọ́tìnnì kúrò, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà kọ ẹ̀gbẹ́ ojú sí ìta. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ náà dáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ alẹ́, tí wọn ò sì múná wá, ẹ sún làm̀pù oníbátìrì yẹn mọ́ ọn. Làm̀pù tó wà ní mítà méjì sójú ẹni, tí ẹ bá sún un dé mítà kan, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lójú ẹni náà á tó ìlọ́po mẹ́rin. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò yín.

12/
Fláàṣì náà ìmọ́lẹ̀ ni, ẹ má sá fún un. Kìkì pé ti kámẹ́rà kékeré ò lágbára, kì í lọ jìnnà, ó sì máa ń mú kí iwájú orí àti imú máa kọ mànà. Ẹ fi tíṣù funfun kan ṣoṣo bo ojú ẹ̀, á rọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ta fláàṣì láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sí ìyàwó tó wà lórí àga níwájú. Kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Orí àwọn tó jókòó níwájú yín ló máa tàn sí.

13/
Ìkejì: ẹ yé zoom. Lẹ́ńsì kámẹ́rà kékeré máa ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń fà á jáde. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní f/2.8 lè di f/5.6, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ló kù. Kámẹ́rà á tún sá padà sọ́dọ̀ ISO. Digital zoom ló wá burú jù lọ. Kò fa nǹkan kan súnmọ́ yín, àárín fọ́tò ló gé, tó sì fẹ̀ ẹ́ tòun ti iyanrìn ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ rìn súnmọ́ ẹni tí ẹ ń yà, ẹ kí i, kẹ́ ẹ tó yà á.

14/
Ìkẹta: tí ohun tí ẹ ń yà ò bá mira, bí oúnjẹ, ilé, tàbí aṣọ òfì tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé kámẹ́rà lé tábìlì, ẹ fi ISO sí 100, ẹ fi self-timer sí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kẹ́ ẹ wá yọwọ́. Kámẹ́rà á lajú sílẹ̀ pẹ́, òjò á ráyè rọ̀ sínú ife. Àwọn Sony Cyber-shot kan tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní Hand-held Twilight. Ó ń ya fọ́tò mẹ́fà léraléra, á wá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ìṣirò òjò kan náà ni: ẹ pa fọ́tò mẹ́rin pọ̀, iyanrìn á dín kù sí ìdajì, kò sì sí ìlà kankan tí ẹ pa rẹ́ lójú ẹnikẹ́ni.

15/
Ìkẹrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí, torí àwa aláwọ̀ dúdú ló kàn jù. Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà ń wọ̀n, kò mọ̀ pé màmá yín ló jókòó síbẹ̀. Tó bá rí léèsì funfun, gèlè funfun, tàbí ògiri funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn. Ojú á rì. Ẹ wá délé, ẹ fi áàpù fa ojú náà jáde kúrò nínú òkùnkùn, ni gbogbo iyanrìn tó sá pamọ́ síbẹ̀ bá tẹ̀ lé e jáde. Ẹ wá àmì +/− lára kámẹ́rà, ẹ gbé e sí +0.7 tàbí +1 kẹ́ ẹ tó yà á. Léèsì lè funfun jù díẹ̀. Kò burú. Léèsì ṣì wà lọ́jà.

16/
Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fojú fo awọ ara wa. Láti àwọn ọdún 1950, Kodak máa ń fún àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní káàdì kan tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lórí ẹ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n bóyá àwọ̀ fọ́tò ti dáa. Tí awọ Shirley bá ti dáa, gbogbo ẹ̀ ti dáa nìyẹn. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ṣe káàdì tí aláwọ̀ dúdú wà lórí ẹ̀. Torí náà, tí ẹ̀rọ kan bá sọ fún mi pé fọ́tò ti "mọ́", mo máa ń fẹ́ mọ ojú ẹni tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n.

17/
Ẹ jẹ́ ká padà sórí áàpù náà. Báwo ló ṣe ń yọ iyanrìn? Ó ń wá ohun kéékèèké tó yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á sì mú un dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewú orí, ìlà etí ojú, ihò ara, òwú aṣọ òfì, gbogbo wọn náà ló kéré, gbogbo wọn náà ló yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kò mọ èyí tó jẹ́ iyanrìn, kò mọ èyí tó jẹ́ ènìyàn. Àwọn tuntun tó ń lo AI tún kọjá ìyẹn. Ibi tí wọn ò bá ti ríran, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ti rí lójú ẹlòmíràn dí i. Ojú náà rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ta ni?

18/
Mo ti rí i lára pósítà ìsìnkú. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Pálọ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò tí wọ́n lò, lálẹ́, iyanrìn kún un. Ẹni tó ṣe pósítà bá fọ̀ ọ́. Fọ́tò mọ́, ó ń dán, pélé sì ti bá iyanrìn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ dúró níwájú pósítà, ó ń béèrè pé "ṣé Màmá nìyí?" Kò sẹ́ni tó ro ibi sí ìyá náà. Bọ́tìnnì kan péré ni wọ́n tẹ̀.

19/
Ẹ rò ó wò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà ka ilà kíkọ sára ọmọdé léèwọ̀. Mo fara mọ́ ọn, èmi náà ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ilà fọ́mọ mi. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn tó ní pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ lójú lónìí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn tó kẹ́yìn. Tí wọn ò bá sí mọ́, fọ́tò ló kù. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí a bá wá fọ ojú nù, níbo ni àwọn ọmọ wa ti fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà?

20/
Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ wá fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere. Wọ́n bí i lọ́dún 1930, ó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Èkó, ó sì kú lọ́dún 2014. Lọ́dún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, fọ́tò yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún nígbà tó yá. Fíìmù dúdú-òun-funfun ni. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gba orí ìdì irun kọ̀ọ̀kan kọjá. Ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ tọ ipa òwú. Irun tí wọ́n tú dànù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, torí pé ẹni tó yà á kọ́kọ́ wá ìmọ́lẹ̀.

21/
Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tẹ̀wé sábẹ́ ibí yìí tẹ́lẹ̀: "ṣebí iyanrìn yẹn gan-an ni vibe." Mo gbọ́ yín. Ẹ ò rí i pé mi ò sọ pé iyanrìn burú? Fọ́tò oníyanrìn tí ojú Màmá pé nínú ẹ̀ sàn ju fọ́tò tó ń dán tí Màmá ò sí nínú ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ iyanrìn bíi ti fíìmù, ẹ mọ̀ pé ohun kan náà kọ́. Ti fíìmù wá láti ara hóró sílífà tó wà nínú ẹ̀. Ti kámẹ́rà wa máa ń kó pupa àti àwọ̀ ewé dání, òun ló ń jẹ́ kí awọ dúdú dà bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá.

22/
Èyí ló gbé wa dé ibi tí ẹ ti lè lo áàpù. Torí ìgbà míì, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí fèrèsé, ìṣọ́ òru ni, ẹ ti yà á, kò sì ṣeé tún yà. Iyanrìn pín sí méjì: ti àwọ̀, àti ti ìmọ́lẹ̀-òun-òkùnkùn. Nínú Lightroom, Color ni wọ́n kọ sí ti àkọ́kọ́, Luminance ni wọ́n kọ sí ìkejì. Ẹ fa Color sókè bó ṣe wù yín, tóótòòtó pupa àti àwọ̀ ewé yẹn á lọ, ojú ò sì ní fara pa púpọ̀. Luminance ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ wá sún mọ́ ojú ẹni náà. Gbàrà tí ìlà ojú bá ti ń parẹ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Kí iyanrìn díẹ̀ kù, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

23/
Tí wọ́n bá sì jẹ́ dúdú-òun-funfun, kò sí tóótòòtó aláwọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ fọ́tò tí ẹ rò pé ó ti bàjẹ́ á jí padà. Ohun kan tún kù: ẹ yé fi fọ́tò ìdílé ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fún un mọ́lẹ̀, iyanrìn á sì di àbàwọ́n. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀, síbi tí kò ti ní sọnù. Áàpù ọ̀la lè dáa ju ti òní lọ. Ohun tí ẹ bá ti pa rẹ́ lórí ẹyọ kan tó kù, kò sí áàpù tó máa rí i mọ́.

24/
Ọ̀rọ̀ mi ò jù báyìí lọ. Kí ẹ tó ra kámẹ́rà míì, kí ẹ tó sanwó áàpù míì, ẹ gbé àga sí ẹ̀bá fèrèsé. ISO nísàlẹ̀, ẹ má zoom, ẹ gbé +/− sókè díẹ̀. Tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín bá ṣì wà láyé, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi jókòó síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ilà tó wà lójú wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò náà. Ẹ wá tag mi. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí, kódà kí iyanrìn díẹ̀ wà níbẹ̀.